Ṣé Òru Kẹtàdínlọ́gbọ̀n Nìkan ni Òru Abiyì?

Ní ìlú Ìlọrin, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ alẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Òru Abiyì (Laylatul Qadr, òru tí ó lọ́lá jù nínú oṣù Ramadan) kò ní láti bi àfáà kankan léèrè. Kí ó sáà lọ wo mọ́sálásí àdúgbò rẹ̀ ní alẹ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ sí ààwẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, yóò rí i pé ẹní ti kún dé ìta, pé àwọn tí a kò fojú kàn láti ìgbà tí irun àṣámù, irun alẹ́ Ramadan, ti bẹ̀rẹ̀ ti jókòó sí sáàfù iwájú, àti pé àwọn ọmọdé ń sùn lẹ́bàá ìyá wọn kí ìdajì òru tó tó. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ṣú, ìwọ̀nba sáàfù ni yóò kù.

Ìgbàgbọ́ tí ó ń darí ẹsẹ̀ wọn ni pé òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni Òru Abiyì, kò sí òmíràn, àti pé ẹni tí ó bá ti lè ṣọ́ ọ mọ́jú ti kó láádá Ramadan tán. N kò ní pè é ní irọ́ pọ́ńbélé, nítorí ó ní orírun nínú ọ̀rọ̀ àwọn sàábé, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì tí wọ́n bá a gbé ayé. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé ó sọ ohun tí a ní kí á máa wá di ohun tí ọwọ́ ti tẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn fi gbogbo ètò ìjọsìn rẹ̀ rọ̀ mọ́ alẹ́ kan ṣoṣo.

Sura kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú Alùkùránì sọ fún wa pé òru náà lóore ju 1,000 oṣù lọ, èyí tí í ṣe ọdún 83 àti oṣù 4, ó sì sọ pé àlàáfíà ni títí di ìgbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò yọ. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọjọ́. Nínú hadiisi (ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) tí ìyá wa Àíṣà, ìyàwó Ànábì, gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí á wá a nínú àwọn òru witiri ti mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn, ìyẹn òru 21, 23, 25, 27 àti 29. Sàábé Abu Sa'id al-Khudri ní tirẹ̀ ròyìn pé Ànábì lálàá òru náà, ó sì rí ara rẹ̀ tí ó ń forí kanlẹ̀ nínú omi àti ẹrẹ̀. Òjò rọ̀ ní òru kan, òrùlé mọ́sálásí tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe jò, wọ́n sì rí àmì ẹrẹ̀ ní iwájú orí rẹ̀ nígbà tí ó kírun àsùbáà tán. Òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún ni.

Sàábé Ubayy ọmọ Ka'b ni àwọn onígbàgbọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n fi ń ṣe ẹ̀rí jù, nítorí ó búra pé òru náà ni. Ohun tí a kì í sábà rántí ni ìdí tí ó fi sọ̀rọ̀. Wọ́n wá sọ fún un pé Ibn Mas'ud, sàábé mìíràn, ń wí pé ẹni tí ó bá ń dìde kírun lóru yípo ọdún ni yóò bá Òru Abiyì pàdé. Ubayy dáhùn pé Ibn Mas'ud mọ òru náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbára lé òru kan ni. Ẹni tí ó búra gan-an mọ̀ pé ewu wà nínú kí á fi òru kan mọ.

Ọ̀rọ̀ kíka ọjọ́ náà tún wà níbẹ̀. Ọdún mìíràn wà tí àwọn tí ń tẹ̀lé ìkéde Sultan Ṣókótó àti àwọn tí ń wo Saudi kì í bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tí òru 27 ti ilé kan sì ń jẹ́ 26 fún ilé kejì ní agboolé kan náà. Hadiisi mìíràn sì tún kà á láti ẹ̀yìn: nígbà tí ó bá ku mẹ́sàn-án, nígbà tí ó bá ku méje, nígbà tí ó bá ku márùn-ún. Bí oṣù bá wá pé ọgbọ̀n, irú kíkà bẹ́ẹ̀ lè bọ́ sí òru tí a kò kà sí witiri rárá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ní kí á má ṣe fo ọ̀kankan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti jáde láti wá sọ òru náà fún àwọn sàábé nígbà kan, ṣùgbọ́n ó bá Mùsùlùmí méjì tí wọ́n ń jà, a sì gbé ìmọ̀ rẹ̀ kúrò. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ oore fún wọn. (Kí àwọn tí ń bínú síra wọn nítorí àyè ìjókòó ní òru 27 rántí ìtàn yìí.)

Èyí ló jẹ́ kí n rò pé ètò tí ó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ohun kékeré tí agbára rẹ̀ gbé ní alaalẹ́ fún òru mẹ́wàá. Télọ̀ tí aṣọ ọdún ti wọ́ jọ níwájú rẹ̀ kò lè ṣọ́ òru mọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí yóò dé ọjà Ìpàtà ní àárọ̀ kùtù kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n hadiisi tí sàábé Uthman gbà wá sọ pé ẹni tí ó bá kírun iṣáì pẹ̀lú jámáà dà bí ẹni tí ó dúró kírun fún ìdajì òru, àti pé ẹni tí ó bá kírun àsùbáà pẹ̀lú jámáà dà bí ẹni tí ó kírun ní gbogbo òru. Télọ̀ lè dìde nídìí ẹ̀rọ fún méjèèjì. Ẹni tí ó ti ya ₦5,000 sọ́tọ̀ fún sàráà lè pín in sí ₦500 fún òru kọ̀ọ̀kan, dípò kí ó dà gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n ní òru kan. Ẹni tí ó bá ka ojú ewé mẹ́rin lẹ́yìn irun ọ̀ranyàn kọ̀ọ̀kan yóò ka ogún lójúmọ́, tí í ṣe nǹkan bíi juzu kan (ìpín kan nínú ọgbọ̀n) nínú Alùkùránì tí a tẹ̀ sí ojú ewé 604. Ẹni tí ó bá ní èyí pọ̀ jù, kí ó ka méjì. Àíṣà ló tún gbà á wá pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe léraléra, bí ó tilẹ̀ kéré.

Obìnrin tí ó wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀ kò pàdánù òru náà, bí àwọn kan tilẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀. Irun àti ààwẹ̀ nìkan ni kò ní ṣe, àdúà, sàráà àti ìrántí Ọlọ́hun kò dáwọ́ dúró. Ìyá wa Àíṣà béèrè ohun tí òun yóò wí bí òun bá bá òru náà pàdé, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì kọ́ ọ ní gbólóhùn kan péré: Ọlọ́hun, Ìwọ ni Alámòójúkúrò, O fẹ́ràn àmójúkúrò, mójú kúrò fún mi.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òru àkọ́kọ́ nínú mẹ́wàá náà kò gbọdọ̀ dúró de alẹ́ ọjọ́ kọkànlélógún. Òru ni ó ń ṣáájú ọ̀sán nínú kíkà ẹ̀sìn, nítorí náà, bí oòrùn ogúnjọ́ bá ti wọ̀ tí a sì ń mu kòkó ìṣínu, òru kọkànlélógún ti wọlé.