Owó orin tí rédíò ń san, ọ̀nà wo ló ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bí DJ bá ti fi orin kan sí i báyìí, owó kékeré kan ti bọ́ sápò ẹni tó lorin nìyẹn, wọ́n á wá máa ka iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin ara wọn nínú mọ́tò, wọ́n á ní "rédíò yìí ti jẹ mí tó báyìí". Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Rédíò kì í ra orin lẹ́yọ lẹ́yọ. Owó kan ni wọ́n máa ń san fún odindi ọdún, wọ́n á wá lo orin tó bá wù wọ́n níye ìgbà tó bá wù wọ́n, àṣẹ tí wọ́n ń gbà fún un ló ń jẹ́ blanket licence, torí ó bo gbogbo orin mọ́lẹ̀ bí búláńkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí wọ́n bá pín owó yẹn kan ẹni tó lorin ló tó di royalty.

Ta wá ni rédíò ń san án fún? Kì í ṣe olórin, ẹgbẹ́ agbowó-orin ni. Ẹ rò ó wò, rédíò kan lè lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin lójúmọ́, èèyàn méjì mẹ́ta ló sì lè jọ ni ẹyọ kan nínú ẹ̀, tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa wá gbogbo wọn kàn kí wọ́n tó fi orin sí i, ilẹ̀ á ṣú bá wọn lórí orin àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn olórin fi kó ẹ̀tọ́ wọn jọ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tó ń bá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn. PRS ló ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GEMA ní Jámánì, Amẹ́ríkà ní ASCAP àti BMI àtàwọn míì. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni SACEM ti Faransé, ọdún 1851 ni wọ́n dá a sílẹ̀, bó sì ṣe bẹ̀rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1847, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ernest Bourget lọ jókòó mu nǹkan níbì kan ní Paris, ó gbọ́ tí wọ́n ń lo orin tóun fúnra ẹ̀ kọ láti fi dá àwọn oníbàárà lára yá, nígbà tí wọ́n ní kó wá sanwó ohun tó mu, ó lóun ò san, ṣebí àwọn náà ò sanwó orin òun. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ó sì jàre wọn.

Ibi tọ́rọ̀ ti máa ń lọ́jú pọ̀ ni pé ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú orin kan ṣoṣo, èdè wa gan-an ò sì ràn wá lọ́wọ́, torí "ẹni tó kọ orin" lè jẹ́ ẹni tó fi bírò kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tó fi ẹnu kọ ọ́. Àwọn méjèèjì ò gbowó kan náà. Ẹni tó ronú ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ló ni ẹ̀tọ́ kìíní, pẹ̀lú publisher ẹ̀, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bá a bójú tó orin tó kọ, tó bá ní. Ẹ̀tọ́ kejì wà lórí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, ti ẹni tí ohùn ẹ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn, àtàwọn tó lu ìlù, àti iléeṣẹ́ tó náwó sí rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, PRS ń gba ti kìíní, PPL ń gba ti kejì. Amẹ́ríkà ló yàtọ̀ jù: rédíò tó ń tinú afẹ́fẹ́ wá níbẹ̀ kì í san kọ́bọ̀ fún ẹ̀tọ́ kejì, òfin wọn ò ní kí wọ́n san án, kí akọrin lókìkí tó báwo, tí kì í bá ṣe òun ló fi bírò kọ orin náà kò ní rí nǹkan gbà lọ́wọ́ wọn. Rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan àti ti sátẹ́láìtì ló ń san án níbẹ̀, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ agbowó kan tó ń jẹ́ SoundExchange, 50 nínú ọgọ́rùn-ún á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù, akọrin á gba 45, àwọn elégbè àtàwọn onílù á pín 5.

Iye tí rédíò máa san, èyí tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n wo owó tó ń wọlé fún un látinú ìpolówó ọjà, kí wọ́n sì wo bó ṣe ń lo orin tó. Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ò lè san iye tí rédíò olórin máa san. Tí wọn ò bá gbà fún ara wọn, wọ́n ń gbé e dé kóòtù.

Ó wá kan pínpín. Ká sọ pé rédíò kan san 1,000,000, owó ìlú tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi pè é. Ẹgbẹ́ agbowó yọ 15 nínú ọgọ́rùn-ún láti fi ṣiṣẹ́, ó ku 850,000. Ìṣẹ́jú 200,000 ni rédíò yẹn fi lo orin lọ́dún náà, ìṣẹ́jú kan wá jẹ́ 4.25. Orin yín gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lò ó, ìṣẹ́jú 300 nìyẹn, 1,275 ló kàn yín. Ẹ̀yin àti ẹnì kan lẹ jọ kọ ọ́, ẹ gba 637.50. Ẹnì kejì yín ò forúkọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ́ kankan ńkọ́? Tiẹ̀ á jókòó síbẹ̀. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tẹ́nikẹ́ni ò bá yọjú, wọ́n lè dà á pọ̀ mọ́ tàwọn tó kù.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti mọ̀ pé ìgbà ọgọ́rùn-ún ni? Lọ́ọ̀gì ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ orin tí rédíò fi ránṣẹ́, èmi ò sì rí ibòmíì tówó ti ń sọ nù tó ibẹ̀ yẹn. Mo ti rí lọ́ọ̀gì tí wọ́n kọ "Track 04, Unknown Artist, 3:42" sí, ìlà mọ́kànlá tẹ̀lé ara wọn. Orin gidi lèèyàn gbọ́ lọ́jọ́ yẹn o, wọ́n kàn ju fáìlì sórí kọ̀ǹpútà láìkọ orúkọ sí i ni. Ta ni ẹgbẹ́ fẹ́ sanwó yẹn fún, Ọ̀gbẹ́ni Unknown? Orin tó bá lórúkọ gan-an lè bọ́ lọ tí wọ́n bá ṣìkọ ọ́, ìdí tí wọ́n fi ṣe nọ́ńbà nìyẹn, ISWC fún orin tí wọ́n kọ, ISRC fún rẹ́kọ́ọ̀dù. Tẹlifíṣọ̀n ní tiẹ̀, cue sheet ló ń kọ, orin wo ló wọ inú ètò, ìṣẹ́jú àáyá mélòó.

Ní báyìí kọ̀ǹpútà kan wà tó ń gbọ́ rédíò tọ̀sán tòru, tó ń dá orin mọ̀ bí a ṣe ń dá èèyàn mọ̀ látorí ìtẹ̀ka. Ó dáa púpọ̀, àmọ́ orin tẹ́nikẹ́ni ò fún un tẹ́lẹ̀ kò lè dá a mọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rédíò ló ń gbọ́. Àwọn rédíò kéékèèké, ẹgbẹ́ míì máa ń mú ọjọ́ díẹ̀ nínú tiwọn ni, wọ́n á fi gbé ìyókù lé e, tó bá wá jẹ́ ọjọ́ tí wọn ò mú ni wọ́n lo orin yín, ó parí nìyẹn.

Owó tòkè òkun ló ń pẹ́ jù. Ẹgbẹ́ ibẹ̀ á gbà á, á yọ tiẹ̀, á fi ránṣẹ́ sẹ́gbẹ́ tiyín, ìyẹn náà lè tún yọ tiẹ̀, ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kọjá kó tó dé. Ẹni tórin ẹ̀ ń dún lórí rédíò òkèèrè lónìí, kó má tíì lọ jẹ gbèsè lé e lórí.