Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu agbẹnusọ ìjọba?

Bí ẹ bá ti wo agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà rí lórí tẹlifíṣàn, ẹ ó ti rí fáìlì gbàǹgbà tó máa ń wà níwájú rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan á bi í nípa Sudan, á ṣí ojú ewé kan. Òmíràn á bi í nípa Ìráànì, á tún ṣí òmíràn. Inú fáìlì yẹn ni iṣẹ́ wà. Ẹnu nìkan ni ti agbẹnusọ.

Láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á ti ka ìwé ìròyìn, wọ́n á ti máa ro ohun tí wọ́n lè bi ọ̀gá wọn lọ́sàn-án. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan á lọ bá àwọn tó ń mójú tó apá ibi tó kàn, wọ́n á sì kọ ìdáhùn ìlà díẹ̀ sílẹ̀. Kò tíì tó sọ. Lọ́yà á wò ó. Bó bá kan ológun, Pentagon, ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, náà á wò ó, bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ààbò tó wà lọ́dọ̀ Ààrẹ. Ẹnì kan á fa igi lé “a bẹnu àtẹ́ lù ú,” á kọ “ọ̀rọ̀ náà ń kọ wá lóminú” sí i. Létí ará ọjà, kí ló yàtọ̀ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n aṣojú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá wí mọ̀ pé wọ́n ti mú kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀.

Rwanda ni ibi tí èyí ti hàn jù. Láti Oṣù Kẹrin 1994 ni wọ́n ti ń pa àwọn Tutsi nípakúpa. Bí a bá pè é ní ìpẹ̀yàrun, àdéhùn 1948 tí Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí lè sọ pé kí wọ́n dìde sí i, ohun tí ìjọba ò sì fẹ́ nìyẹn. Wọ́n wá ní kí agbẹnusọ, Christine Shelly, máa sọ pé “ìwà ìpẹ̀yàrun” ti wáyé níbẹ̀, kó má pe gbogbo rẹ̀ ní ìpẹ̀yàrun. Ní Oṣù Kẹfà, Alan Elsner, akọ̀ròyìn Reuters, bi í pé ìwà ìpẹ̀yàrun mélòó ló máa pé kó tó di ìpẹ̀yàrun. Ó ní òun kọ́ ló yẹ kóun dáhùn ìyẹn. Yorùbá ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Agbẹnusọ ò láǹfààní yẹn.

Ti ààbò tún le jù. “A kì í sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́” máa ń bí àwọn akọ̀ròyìn nínú, àmọ́ ó nídìí. Bí agbẹnusọ bá ń sọ “rárá” nígbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, tó wá dákẹ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìdákẹ́ yẹn ti dáhùn. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ kọ̀ láti dáhùn lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan rárá pẹ̀lú.

Ìgbà míì, òun gan-an ò mọ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 1983, akọ̀ròyìn kan bi Larry Speakes, agbẹnusọ White House, bóyá Amẹ́ríkà fẹ́ ya wọ Grenada. Ó lọ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ààbò, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ṣọ́jà ti gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà. Les Janka, igbákejì rẹ̀, kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìròyìn jáde pé ìjọba ti pète láti máa tan ọ̀rọ̀ èké káàkiri nípa Gaddafi, olórí Libya nígbà náà. Bernard Kalb, agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tó ti fọ̀pọ̀ ọdún ṣe akọ̀ròyìn kó tó débẹ̀, ní òun ò ṣe mọ́. Ẹlòmíràn ló gba fáìlì.