Bí Aráyé Ṣe Mọ Ohun Tó So Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù Mọ́ Inú Wúrà

Wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 79, ìyẹn èérún kékeré tó ní iná nẹ́gẹ́tíìfù, ló wà nínú átọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ló so wọ́n mọ́ ibẹ̀? Agbára kan náà tó ń fa bébà mọ́ òòyà ni. Bí ọyẹ́ bá mú ní Iléṣà, fi òòyà oníke ya irun gbígbẹ léraléra, kí o gbé e sún mọ́ bébà wẹ́wẹ́: bébà á fò mọ́ ọn. Lásìkò òjò kì í sábà ṣiṣẹ́, torí ọ̀rinrin á ti gbé iná ara òòyà lọ.

Charles Coulomb, ará Faransé, wọn agbára yìí lọ́dún 1785: bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, agbára á kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Lọ́dún 1897, J. J. Thomson fi irin pẹlẹbẹ méjì tó ní iná sínú ìgò, ìtànṣán tí iná ń mú jáde nínú rẹ̀ sì yà sọ́dọ̀ irin pósítíìfù. Hertz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, ti dán an wò ṣáájú, kò sì rí i kó yà. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù nínú ìgò rẹ̀ ló pọ̀ jù; afẹ́fẹ́ náà di ọ̀nà fún iná, ó sì pa agbára àárín irin méjèèjì. Thomson fa tirẹ̀ jáde dáadáa. Èérún oníná nẹ́gẹ́tíìfù ló wà nínú ìtànṣán náà; bí a ṣe mọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nìyẹn.

Wúrà ló wá tú àṣírí tó kù. Ní Manchester, Geiger àti Marsden yin ọta alpha, ìyẹn èérún kékeré oníná pósítíìfù, lu wúrà tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ ta padà. Lọ́dún 1911, Rutherford ní iná pósítíìfù inú átọ́ọ̀mù ti kóra jọ sínú kóró kan tó kéré gan-an.

Ìṣòro ńlá nìyẹn o: kí ló dé tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ò já lu kóró tó ń fà á? Lọ́dún 1913, Bohr ní ìpele agbára kan pàtó ni wọ́n lè wà. Kò sí èyí tó rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú háídrójìn, 13.6 eV (eV ni ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn agbára inú átọ́ọ̀mù) la fi ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìpele àkọ́kọ́ yọ. Ti wúrà yàtọ̀ síra: èyí tó wà létí òde, 9.2 eV ti tó, torí àwọn 78 yòókù ń tì í sẹ́yìn. Èyí tó wà nínú pátápátá, ó lé ní 80,000 eV.

Ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ 1.7 MV (fólítì mílíọ̀nù 1.7) kan wà tó ń yin ọta lu irin, òkúta tàbí iyẹ̀pẹ̀. Ọta á lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú jáde, ti òkè á já bọ́ sí àyè rẹ̀, ìtànṣán X á sì jáde. Bí ó bá jẹ́ wúrà, wọ́n á rí ìtànṣán kan tó sún mọ́ 9,700 eV.