Kí ló dé táwọn Òyìnbó ń wọ aṣọ àtijọ́ nítorí Jane Austen?

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025 ló pé 250 ọdún tí wọ́n bí Jane Austen, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jálẹ̀ ọdún náà ni fọ́tò àwọn obìnrin tó dé fìlà onírìbọ́ǹ, àti ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kan béèrè bóyá ìgbéyàwó ni, àwọn kan ní eégún ni. Aṣọ ẹbí ni, àfi pé ó ti pẹ́ ní igba ọdún. Àwọn ìbéèrè tó kù nìyí.

Ta ni obìnrin yìí?

Ọmọ àlùfáà ni, ní abúlé Steventon, àgbègbè Hampshire. Ọmọ mẹ́jọ ni ìyá rẹ̀ bí, òun ni ìkeje. Ìwé ìtàn ńlá mẹ́fà ló parí: mẹ́rin jáde lójú ayé rẹ̀, méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni ọdún 41 ni nígbà tó kú ní Winchester ní 1817.

Ṣé ó di olówó?

Rárá. 110 pọ́n-ùn ló gbà lórí Pride and Prejudice, ó ta gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá, ìwé náà sì tà fún ẹni tó rà á. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára ìwé rẹ̀ kankan nígbà ayé rẹ̀. “Láti ọwọ́ ìyáàfin kan” ni wọ́n kọ sára àkọ́kọ́. Òkúta ibojì rẹ̀ yin ìwà rẹ̀ àti ọgbọ́n orí rẹ̀, kò sọ pé ó kọ̀wé rí.

Ṣé òun ló wà lórí pọ́n-ùn mẹ́wàá?

Òun ni, láti 2017. Abẹ́ àwòrán rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí tó ń yin ìwé kíkà. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìtàn kò fẹ́ràn ìwé. Ó kàn gbé e lọ́wọ́ kí ọkùnrin olówó kan lè wo òun ni. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ní báńkì mọ̀, tó sì dákẹ́.

Kí ni ìgbà Adelé (Regency) tí wọ́n ń pe ayé tí aṣọ náà ti wá?

Orí Ọba George Kẹta dàrú, ọmọ rẹ̀ sì ṣe adelé láti 1811 sí 1820. Austen kò fẹ́ràn adelé náà rárá. Nígbà tí wọ́n ta á lólobó láti ààfin pé ó lè fi ìwé Emma júbà rẹ̀, ó fi júbà.

Kí ló dé tí ìtàn rẹ̀ kò fi ju ọkọ àti owó lọ?

Nítorí pé ọkọ ni iṣẹ́ oṣù tó wà nílẹ̀ fún ọmọbìnrin irú ilé bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣe lọ́yà, kò lè ṣe dókítà. Bó bá ní owó tó sì lọ sílé ọkọ, owó náà di ti ọkọ. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí èyí padà kò dé títí di 1870 àti 1882. Ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ̀ fi ń ka iye tó ń wọlé fún ọkùnrin lọ́dún. Nínú Pride and Prejudice, 10,000 pọ́n-ùn ni ti Darcy, ọ̀dọ́kùnrin olówó inú ìtàn náà, 2,000 ni ti bàbá ilé Bennet. Darcy kò tíì pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún nínú gbọ̀ngàn ijó tí iye rẹ̀ ti dé etí gbogbo èèyàn.

Bàbá Bennet bí ọmọbìnrin márùn-ún, kò bí ọkùnrin. Ibí ni àwọn èèyàn wa ti máa ń ṣìnà, torí ogún tiwa ni wọ́n fi ń wò ó. Nílẹ̀ Yorùbá, ì báà jẹ́ ìdí igi ni wọ́n fi pín ogún bàbá, ì báà jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀. Ti àwọn Bennet kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ti so ilé àti ilẹ̀ mọ́ ọkùnrin nínú ẹbí, kí ilẹ̀ má baà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọjọ́ tí bàbá bá kú, mọ̀lẹ́bí kan tó ń jẹ́ Collins ló ni gbogbo rẹ̀, ó sì lè ní kí ìyá àtàwọn ọmọ kó ẹrù wọn jáde.

Mo ti fi ìyá àwọn ọmọ náà ṣẹ̀fẹ̀ rí, torí ariwo ọkọ ló ń pa láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà tí mo tún ìwé náà kà ni mo rí i pé òun nìkan ló ń ṣírò ọ̀la nínú ilé yẹn. Bàbá wà nínú yàrá ìwé rẹ̀, ó ń dápàárá.

Austen alára kò lọ́kọ. Ní oṣù Kejìlá 1802, ajogún ilé ńlá kan, Harris Bigg-Wither, ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó gbà lálẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní òun ò ṣe mọ́. Bàbá rẹ̀ kú ní 1805. Òun, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá ń ti ilé dé ilé, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Edward, tí mọ̀lẹ́bí olówó gbà tọ́, fi fún wọn ní ilé kan ní Chawton ní 1809.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n òbí wọn?

Lóòótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Henry fẹ́ ọmọ arábìnrin bàbá wọn. Ẹ pa ẹnu dé.

Owó ẹrú ńkọ́?

Ó wà níbẹ̀. Ní Mansfield Park, tó jáde ní 1814, baálé ilé ní ilẹ̀ ní Antigua, erékùṣù táwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́ oko ìrèké. Ọmọbìnrin tí ìtàn dá lé bi í léèrè nípa òwò ẹrú, gbogbo yàrá sì pa lọ́lọ́. Òǹkọ̀wé kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò náà ní 1807, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lóko kò kúrò níbẹ̀ títí di ẹ̀yìn 1833. Ní 1821, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú Austen, ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther.

Ṣé kí n má kà á nítorí ìyẹn?

Ẹ kà á. Ẹ kàn máa ṣọ́ ibi tí ṣúgà inú tíì ti wá.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní le jù?

Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ohun tó ń dẹrù ba òǹkàwé ni pé obìnrin yìí máa ń sọ ohun kan, kó ní òmíràn lọ́kàn, láì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti gbọ́ ìyá ọkọ tó ń kí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lágogo mẹ́wàá pé “ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó wa” ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ fi Pride and Prejudice bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti kábàámọ̀ rí pé ẹ gbọ́ràn sí ẹbí lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹ mú Persuasion. Ẹ kà á sókè; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á nílé tiwọn.

Ṣé fíìmù kò tó?

Fíìmù dùn, ṣùgbọ́n ohùn tó ń dápàárá yẹn kò sí níbẹ̀. Darcy tí omi adágún rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí wọ́n ṣe nínú eré tẹlifíṣọ̀n, kò sí nínú ìwé. Ẹ má wá a.

Èló ni kí n mú dání?

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ẹ rí gbogbo rẹ̀ lórí Project Gutenberg, ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ orí ayélujára. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti gé e kúrú.

Bí mo bá dé ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà àjọ̀dún Austen, ní oṣù Kẹsàn-án, ṣé wọ́n á lé mi nítorí bùbá àti ìró?

Ẹni tó bá fẹ́ tò pẹ̀lú wọn nínú ìwọ́de àjọ̀dún náà ni aṣọ ayé ìgbà yẹn wà fún. Ẹni tó dúró lẹ́bàá títì tó ń wòran lè wọ ohun tó bá wù ú, kó sì wé gèlè lé e.