Quartet kan ṣoṣo tí Ravel ṣe: kí ló dé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ nílé ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Boléro nìkan ni mo mọ̀ nínú iṣẹ́ Maurice Ravel, olórin Faransé nì. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi orin mìíràn tó ṣe nígbà èwe rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èyí tí èèyàn mẹ́rin péré ń ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tí mo wádìí rẹ̀ ni mo wá rí i pé wọ́n kọ̀ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ tí Ravel wà. Orin tó dùn báyìí! Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé orin yìí bá yín pàdé, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí n ó bá sọ ọ́. String quartet rẹ̀ ní F (ohùn tí orin náà fìdí kalẹ̀ sí) ni ẹ gbọ́: violin méjì, viola kan tó tóbi díẹ̀ ju violin lọ, cello kan tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1902 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó parí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1903, lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò tún ṣe quartet mìíràn títí tó fi kú lọ́dún 1937.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wí ni Conservatoire, ilé ẹ̀kọ́ orin ní Paris. Láti 1889 ni Ravel ti wọ ibẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà, pianó ló sì ń kọ́. Òfin ibẹ̀ nígbà náà le: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń díje léraléra tí kò gba ẹ̀bùn, wọn a ní kó máa lọ. Bó ṣe kúrò lọ́dún 1895 nìyẹn. Ó padà, ó bọ́ sí kíláàsì Gabriel Fauré tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe orin. Nígbà tó di 1900 wọ́n tún yọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ Fauré gbà kó ṣì máa wá jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́. Oṣù Kìíní ọdún 1903 ló mú apá àkọ́kọ́ quartet yìí lọ sí ìdíje ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọn ò fún un ní nǹkan kan. Lọ́dún yẹn náà ló fi ibẹ̀ sílẹ̀, kò sì padà mọ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ tó gbọ́ràn ni quartet náà. Bí ẹ bá wo bí apá àkọ́kọ́ ṣe tò, ẹ ó rí i pé ó tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ ní ẹsẹ̀ ní ẹsẹ̀: ó gbé orin kan kalẹ̀, ó gbé èkejì ti ìyẹn lẹ́yìn, ó fi àwọn méjèèjì rìn yíká, ó dá wọn padà sílé. Kò sí òfin tó fọ́ níbẹ̀. Lójú tèmi, àwọ̀ ohùn ló ṣàjèjì sí wọn. Nǹkan rírọ̀ tó ń rìn bí èéfín báyìí kọ́ ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìdíje.

Ìbéèrè: Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ohùn kan náà ló ń padà wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Àbí etí mi ló ń tàn mí?

Ìdáhùn: Etí yín kò tàn yín rárá. Apá mẹ́rin ni orin náà, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lọ, inú apá àkọ́kọ́ sì ni ó ti ń mú èyí tó pọ̀ nínú irúgbìn tó ń gbìn kiri.

Ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́, kí ẹ fi íàpíìsì sí etí. Violin àkọ́kọ́ ló ń kọrin lókè, jẹ́jẹ́. Ẹ má tíì gbọ́ tirẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀: cello àti violin kejì ń gòkè pọ̀, ìṣísẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí èèyàn méjì tó jọ ń gun àtẹ̀gùn láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, orin kejì á dé. Violin àkọ́kọ́ àti viola ló jọ ń kọ ọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n octave méjì ló wà láàárín wọn (octave kan ni àlàfo láti dò dé dò tó tẹ̀ lé e). Àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ilé kan ṣófo láàárín ohùn méjèèjì. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà tí mi ò lè kà mọ́, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ níbẹ̀.

Ní apá kejì, wọn ò kọ́kọ́ fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta violin kan okùn rárá. Ìka ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń ta á bí onígìtá. Bí àwọn kan ṣe ń ka méjì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù ń ka mẹ́ta láàárín àkókò kan náà. Ẹni tí ìlù dùndún tọ́ dàgbà kò ní bẹ̀rù eléyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti mọ ibi tí yóò tẹ̀.

Apá kẹta falẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni ohùn àkọ́kọ́ ti ń yọjú, tó ń sá padà. Apá kẹrin wá já wọlé pẹ̀lú ìbínú, ó ń ka márùn-ún márùn-ún, ẹ ó sì tún bá àwọn ará ilé ìṣáájú pàdé níbẹ̀, tí wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ.

Ìbéèrè: Ẹnì kan sọ fún mi pé iṣẹ́ Debussy, olórin Faransé mìíràn, ni Ravel wò kọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó wò ó, bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 1893 ni Debussy ti ṣe quartet tirẹ̀, apá mẹ́rin ni, ohùn kan ló so ó pọ̀, apá kejì rẹ̀ náà sì kún fún okùn tí wọ́n ń fi ìka ta. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta ti Ravel ní gbangba ní Paris, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1904, àwọn kan tètè ké ìbáramu náà síta. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan: ti Debussy máa ń gbóná, a sì máa já lu ara rẹ̀, ti Ravel mọ́ tónítóní, kò sí okùn kan tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Ìbéèrè: Fauré tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà kọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Òun ni Ravel fi orin náà jíǹkí, "sí olùkọ́ mi ọ̀wọ́n" ló kọ sí i. Síbẹ̀ Fauré kò fara mọ́ apá kẹrin, ó ní ó kúrú jù, kò sì dúró dáadáa. Àwa tí a fẹ́ràn orin yìí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìyẹn, àmọ́ Fauré kò bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jà. Lọ́dún 1905, wọ́n já Ravel bọ́ ní ìpele àkọ́kọ́ nínú Prix de Rome, ìdíje ńlá tí ìjọba Faransé máa ń ṣe nígbà náà fún àwọn ọ̀dọ́ olórin. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn adájọ́ ni gbogbo àwọn tó kù, ariwo sì gba ìlú. Ọ̀gá Conservatoire, Théodore Dubois, fi ipò sílẹ̀. Fauré ni wọ́n fi jọba dípò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ tẹ̀ lé e ni quartet tí Fauré fúnra rẹ̀ ṣe. Ọ̀kan ṣoṣo ni òun náà ní. Ó fà á sẹ́yìn títí ó fi di arúgbó tí etí rẹ̀ ti di. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1924 ló parí rẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ló kú.