Mkwaju, dírẹ́bà inú eré rédíò tí Tanzania ò gbàgbé

Èèyàn lè rò pé àwọn dókítà ló kọ́kọ́ ronú kan eré rédíò tó ń kọ́ni nípa ìlera, rárá o, ọ̀rọ̀ oko ló fà á. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì oúnjẹ ò tó ní Ìlú Ọba, wọ́n fẹ́ káwọn àgbẹ̀ gba ọ̀nà tuntun, ni BBC bá gbé eré rédíò The Archers jáde, ọdún 1951 ló di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ ìdílé kan ni wọ́n ń fi gbé ìmọ̀ràn oko wọlé.

Nígbà tó yá, Miguel Sabido, olùdarí eré kan ní Mexico, gbé tiẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1975. Ó ní kí ẹnì kan máa ṣe dáadáa, kí ẹnì kan máa ṣe ìdàkudà, kí ẹnì kẹta wà láàárín tí ò tíì mọ èwo ló máa ṣe. Ẹni kẹta yìí lèmi gbà pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, torí òun ló jọ wá jù.

Kenya tètè gbé e sórí rédíò ní 1987 fún ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, South Africa gbé eré ìlera Soul City jáde ní 1994, ṣùgbọ́n Tanzania gan-an ni mo fẹ́ sọ. July 1993 ni Twende na Wakati bẹ̀rẹ̀ lédè Swahili, ìyẹn ni pé ẹ jẹ́ ká bá ìgbà lọ. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lè gbọ́ ọ, kò dìgbà tó bá mọ̀wé. Nínú eré náà, Mkwaju ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ibi tó bá ti dúró ló ti ní obìnrin, Tunu ìyàwó ẹ̀ fara dà á títí kó tó kó jáde tó lọ dá òwò tiẹ̀ sílẹ̀, àrùn éèdì mú Mkwaju, ó sì kú. Ẹnikẹ́ni ò wàásù fún un lórí afẹ́fẹ́, àwọn tó ń gbọ́ ọ kàn ń wo bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Àwọn tó ṣe eré náà mọ̀ọ́mọ̀ yọ agbègbè Dodoma sílẹ̀, wọn ò jẹ́ káwọn ará ibẹ̀ gbọ́ ọ fọ́dún méjì, kí wọ́n lè fi wéra. Níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, àwọn tó ní àwọn ti dín àlè kù àtàwọn tó ń lo kọ́ńdọ̀mù pọ̀ sí i ju ti Dodoma lọ. Ní 1995 wọ́n ṣí i fún Dodoma náà, ìyípadà yẹn sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn.