Ọ̀nà Obì Ni Àdéhùn Òwò Wa Ti Ṣẹ̀

Bí wọ́n bá ń pìtàn àdéhùn òwò láàárín orílẹ̀-èdè tó múlé gbera, Yúróòpù ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀: Zollverein, ẹgbẹ́ owó ibodè àwọn ará Jámánì, ní 1834, lẹ́yìn náà àdéhùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní 1860. Ó dáa. Àmọ́ àwa Yorùbá tí à ń ná ọjà Kano mọ̀ pé ọ̀nà obì ti là kí ìyẹn tó dé.

Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano sọ pé ọba Nupe fi ìwẹ̀fà 40 àti obì 10,000 ránṣẹ́ sí Amina, ọbabìnrin Zaria, àti pé Amina ló kọ́kọ́ ní obì nílẹ̀ Hausa. Níbo ni Nupe ti rí obì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní oko obì Labozhi nílẹ̀ Nupe ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ igbó Yorùbá ò jìnnà sí odò Ọya, lójú tèmi, ọwọ́ wa wà níbẹ̀.

Obì kì í sì í dúró deni. Bí ewé inú agbọ̀n bá gbẹ, obì á súnkì. Ẹ ó tú u palẹ̀, ẹ ó ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò, ẹ ó wọ́n omi sí i, ẹ ó tún un dì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Mariri, ọjà obì Kano, títí dòní. Oníṣòwò tí oníbodè bá dá dúró ti jẹ gbèsè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní maigida nílùú tí wọ́n ń lọ: òun ní ń gbà wọ́n sílé, òun ní ń wá oníbàárà fún wọn, òun náà ní ń ṣe onídùúró. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni àdéhùn òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ṣẹ̀.

Ìyókù ò ṣòroó sọ. GATT, àdéhùn àgbáyé lórí owó ibodè àti òwò ti 1947, gba àwọn orílẹ̀-èdè láyè láti yọ owó ibodè fún ara wọn, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sì ti lé ní 350 lágbàáyé báyìí. Gowon, olórí Nàìjíríà nígbà náà, àti Eyadéma ti Togo ṣagbátẹrù ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí i l'Ékòó ní oṣù Karùn-ún 1975, Abuja ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí. Ọjà oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ owó ibodè ní 1979, ọjà ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé e ní 1990. Ní oṣù Kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde. ECOWAS ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba ọjà wọn wọlé bí ti tẹ́lẹ̀ ná.